Ajá Tó Ń Gbọ́ Òórùn Kò Ráyè Gbọ́ Fèrè
Àgbéyẹ̀wò lórí ajá ọdẹ tó ń bá òórùn ẹran wọgbó lọ, àti ohun tó lè dá a padà

Ṣaworo ọrùn ajá ni ọdẹ fi ń mọ ibi tí ajá wà. Bí ajá bá ń rìn jẹ́jẹ́, ṣaworo a máa dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbóòórùn ẹran, ìró náà a yí padà, a di wàràwàrà, a máa jìnnà, a máa dín kù, títí a kò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró sí etí igbó kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde nírọ̀lẹ́ rí, tó ń súfèé, tó ń pe orúkọ ajá rẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń ṣú bọ̀, mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe ń dun ni tó. Èmi náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a bá wá délé láìmú ajá bọ̀, òwe kan ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ti fi òwe yìí bá ọmọ aláìgbọràn wí, a ti fi bá olóṣèlú tí kò gba ìmọ̀ràn wí, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ajá gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́. Ajá ni òwe náà dá lẹ́bi pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé, bí a bá gbé ẹjọ́ náà padà sínú igbó tó ti wá, kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ajá kò di. Fèrè ọdẹ ni kò tíì ní ìtumọ̀ tó lè bá òórùn ẹran jìjàkadì. Iṣẹ́ ẹni tó ni fèrè ni láti fún un ní ìtumọ̀ yẹn, ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe inú igbó.

Gbígbọ́ méjì

Èdè wa ti fi ọgbọ́n kan pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ òórùn. Yorùbá kì í rí òórùn. Gbígbọ́ ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń gbọ́ ìlù, tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, òun náà la fi ń gbóòórùn ọbẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lára ajá. Ìròyìn ni òórùn jẹ́ fún un, ó sì ń fetí imú sí i.

Sẹ́ẹ̀lì tí ń gba òórùn nínú imú ènìyàn kò ju mílíọ̀nù 5 tàbí 6 lọ; ti ajá lé ní mílíọ̀nù 200. Ajá tún ní ẹ̀yà ara kékeré kan ní òkè ẹnu, tí a ń pè ní ẹ̀yà Jacobson, èyí tó fi ń ka òórùn tí ẹranko ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi sílẹ̀. Nígbà tí ajá bá sọ imú kalẹ̀ sójú ipasẹ̀ òkété, ó ń gbọ́ ìhà tí òkété gbà, ó sì ń gbọ́ bóyá ó ti pẹ́ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fọn fèrè sí i lásìkò yẹn ń bá ẹni tí ọ̀rọ̀ pàtàkì kún etí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ kan ti borí èkejì.

Ojú ọjọ́ náà lọ́wọ́ sí i. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, tí ilẹ̀ tutù, òórùn a máa dúró pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn òjò díẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní ọ̀sán ọyẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, òórùn a tètè já. Ọdẹ tó bá ń kọ́ ajá kékeré yóò ṣe dáadáa bó bá kọ́kọ́ mú un jáde nígbà tí òórùn kò lágbára, kó tó mú un jáde nígbà tí òórùn gba gbogbo ilẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni pé lílé ẹran fúnra rẹ̀ ti jẹ́ èrè fún ajá. Kò dìgbà tó bá pa á. Inú rẹ̀ a máa dùn bó ti ń sáré, ìdùnnú yẹn sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sá lọ, tí kò rí ẹni dá a dúró, ó ti gba owó ọjọ́ náà, ọ̀la ni yóò sì tún lọ. Láàárín oṣù 6 sí 18 tí a bí i ni èyí le jù, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá ṣùgbọ́n tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì gbó. Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ sọ pé yóò fi í sílẹ̀ bó bá dàgbà. Ohun tó ń gba owó lé lórí ni yóò máa ṣe.

Ajá tí a bí láti dá ìpinnu ṣe

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní terrier. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ilẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ náà, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ ihò lọ bá ẹran. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Russell ra abo kan tó ń jẹ́ Trump ní 1819, láti ara rẹ̀ ni irú tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jack Russell ti bẹ̀rẹ̀. Ronú nípa iṣẹ́ ajá yìí: nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀, ohùn olówó rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Bí kò bá lè dá pinnu, kò wúlò. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn tó ń sin ín fi ń yan èyí tó gbójú, èyí tí kì í wẹ̀yìn. Ohun tí a wá ń pè ní agídí lára rẹ̀ lónìí, iṣẹ́ tí a rán an ni.

Ajá ìbílẹ̀ tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ajá onírun kúkúrú, elétí nínà, tí ìrù rẹ̀ ká sókè, tí àwọn ará ìgboro ń pè ní Bíńgò bí ẹni pé kò níláárí. Ó jọ ajá àwọn ọdẹ Congo tí ayé mọ̀ sí Basenji. Ní 1895 wọ́n kó díẹ̀ lára wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àrùn distemper sì pa wọ́n. Ní 1937 ni wọ́n tó fi wọ́n hàn ní ìpàtẹ ajá Crufts, tí àwọn èèyàn sì ń wọ́ lọ wò wọ́n. Ajá tí kì í gbó bó ti ń lé ẹran ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọdẹ Congo fi ń so agogo onígi mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣaworo ajá tiwa àti agogo tiwọn, ọgbọ́n kan náà ni.

Iṣẹ́ méjì ni ajá ọdẹ Ìjẹ̀bú ń ṣe pọ̀. Ọ̀yà ń bẹ nínú koríko, eré ni wọ́n fi ń lé e. Òkété ń bẹ nínú ihò, gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ajá tó ń ṣe méjèèjì lè sọnù lọ́nà méjì: ó lè sáré jìnnà, ó sì lè há sábẹ́ ilẹ̀ níbi tí kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí ẹni tó ń wá a.

Ilẹ̀ tí ajá ń sá wọ̀

Igbó ibí kì í ṣe pápá tí ojú ń ríran já. Àwọn oko kòkó, oko obì àti oko rọ́bà ti wọnú ara wọn, koríko sì ti bo èyí tí a pa tì. Eredo Sungbo, kòtò àti ògiri ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn ju 160 kìlómítà lọ, ó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan. Ajá tó bá sọ̀ sínú rẹ̀ lé ẹran lọ, ohùn ènìyàn tó wà lókè kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìró ṣaworo rẹ̀ kò sì ní tètè dé òkè.

Ní ìhà ìlà-oòrùn, igbó ọba Omo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, lágbègbè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí J4. 1925 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà níbùú lóròó, àjọ UNESCO sì fi í sínú àwọn igbó àkànṣe ayé ní 1977. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ajá kò mọ ààlà igbó ọba, òórùn kò sì ní ààlà.

Títì márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin tún gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Ajá tí imú rẹ̀ wà nílẹ̀ kì í wo ọ̀tún tàbí òsì. Fi okùn dídẹ àti tàkúté kún un, fi májèlé tí àwọn àgbẹ̀ kan ń dà sílẹ̀ fún eku kún un, fi paramọ́lẹ̀ tó ká sínú ewé kún un, ìwọ yóò rí i pé wákàtí kan ti pẹ́ jù fún ajá tó dá wà.

Ewu náà kò mọ sára ajá. Akika, ẹranko oníìpẹ́ tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, kò lè sá fún ajá. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ka títa á láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀. Ní 2009, Durojaye Soewu àti Ibukun Ayodele gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe ń lò ó, ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ẹran yìí ti wà nínú wàhálà kí ajá tó bá a. Ajá tó wà nítòsí, ọdẹ lè pè é kúrò lórí akika. Èyí tó ti jìnnà, ohun tó bá wù ú ni yóò pa.

Ohun tí àwọn baba wa ṣe

Ṣaworo dára, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ nù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó lè ṣe: ó ń sọ ibi tí ajá wà, kò lè dá a padà. Kí ọdẹ sì máa rántí tú u kúrò kí ajá tó wọ ihò, kí ó má baà kọ́ gbòǹgbò igi.

Fífi ajá àgbà kọ́ ajá kékeré náà dára. Ọmọ ajá a máa wo ẹsẹ̀ àgbà; bí àgbà bá yíjú padà nígbà tí fèrè dún, ọmọ yóò yíjú. Ohun tó léwu ni kí a tú ajá kékeré méjì sílẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan yóò ki èkejì láyà, wọn yóò sì gbàgbé ẹni tó mú wọn wá.

Orúkọ náà lọ́rọ̀ nínú. Àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti sọ ajá ní orúkọ tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, irú bíi Tanímọ̀la. Ẹwà èdè ni, n kò sì fẹ́ kó parun. Ṣùgbọ́n kí ajá ní ohùn ìpè kan lọ́tọ̀ fún inú igbó, kúkúrú, tí kì í yí padà, tí a kò sì fi í bú u rí.

Oògùn tí àwọn kan ń kán sí ajá nímú kí ó lè gbóòórùn sí i kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó bá ta imú ajá lè ba ohun èlò tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́, àti pé kì í ṣe imú ló kù díẹ̀ káàtó lára ajá tó ń sá lọ.

Pàṣán ló burú jù. Ajá ti lọ fún wákàtí méjì, ó padà dé, ahọ́n rẹ̀ wà níta, ìrù rẹ̀ ń mì, olówó rẹ̀ sì fi pàṣán pàdé rẹ̀. Kí ni ajá kọ́? Ohun tó ṣe kẹ́yìn ni yóò so ìyà náà mọ́, ohun tó sì ṣe kẹ́yìn ni pé ó padà wá. Ẹni tó bá na ajá tó bọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ pé kó má bọ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé

Láti ọjọ́ tí ọmọ ajá bá ti wọlé, ní ọ̀sẹ̀ 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí fèrè máa ṣáájú oúnjẹ. Fọn ọ́n, kí o tó gbé àwo sílẹ̀. Bó bá ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín oṣù 3 yóò ti gbọ́ fèrè náà nígbà 180, oúnjẹ yóò sì ti tẹ̀lé e nígbà 180. Kò sí òkété kankan nínú igbó tó ṣèlérí fún un tó bẹ́ẹ̀ tó sì mú un ṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni okùn gígùn, bíi 10 mítà. Ajá ń rìn lọ pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ìwọ ń tẹ̀lé e. Fọn fèrè, bó bá yíjú, fún un ní edé tàbí ẹja gbígbẹ, nǹkan tó ń rùn tó ti inú igbó. Bí kò bá yíjú, má pariwo, má sì já okùn gbà mọ́ ọn lọ́rùn. Dúró gbọnyin títí yóò fi rí i pé òun kò lè lọ síwájú. Ohun tí okùn wà fún ni pé kí ajá má ráyè gba owó iṣẹ́ àìgbọràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ìgbà tí a bá fẹ́ so ajá mọ́lẹ̀ nìkan la ń pè é. Ajá kì í pẹ́ mọ̀ pé fèrè ló ń parí ayọ̀ òun. Pè é nígbà mẹ́wàá, fún un ní nǹkan jẹ, kí o sì tú u sílẹ̀ padà nínú mẹ́sàn-án. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé bíbọ̀ kò túmọ̀ sí òpin ìgbẹ́ dídẹ.

Àkókò tí a pè é náà ṣe kókó. Má fọn fèrè nígbà tí imú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ipasẹ̀, bí kò bá tíì dá ọ lójú pé yóò gbọ́. Ìpè tí a kò dáhùn a máa sọ fèrè di ariwo lásán. Dúró de ìgbà tí òórùn bá já mọ́ ọn, tó bá gbórí sókè, tó ń wò yíká. Ìgbà yẹn ni gbígbọ́ kejì ráyè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹranko tó ń fi imú jẹun kò lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, kó wo òkété fúnra rẹ̀. Ní Tanzania, àjọ APOPO ń kọ́ òkété láti fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Ohùn kékeré kan tó ń ta pẹ́, kí èso tàbí oúnjẹ díẹ̀ tẹ̀lé e, òun ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀kan lára wọn, Magawa, rí bọ́ǹbù tó ju 70 lọ ní Cambodia, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́wọ́ àjọ PDSA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020. Bí òkété bá lè kọ́ ìtumọ̀ ohùn kan, a kò ní àwíjàre kankan lórí ajá tó ń lé e.

Ajá ìwòyí, ehoro ìwòyí

Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ayé òde òní mú wá. Ìgbànú ọrùn tó ń fi GPS sọ ibi tí ajá wà dára púpọ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ń lo síìmù kò wúlò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ọ̀pọ̀ igbó wa sì wà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bá ẹ̀rọ ọwọ́ ọdẹ sọ̀rọ̀ tààrà bíi rédíò kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó kàn wọ́n ni. Méjèèjì, ṣaworo tó gbówó lórí ni: wọ́n ń sọ ibi tó wà, wọn kò lè pè é wálé.

Ìgbànú tó ń fi iná mànàmáná gún ajá lọ́rùn tún wà. Ìjọba Wales ti fòfin dè é láti 2010. N kò fẹ́ kó wọ ilẹ̀ wa. Pàṣán ni, kìkì pé ọwọ́ tó mú un jìnnà.

Títẹ akọ ajá lọ́dàá lè dín sísá tẹ̀lé abo kù, dókítà ẹran sì ni kó ṣe é. Kò ní mú kó gbàgbé òórùn ọ̀yà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ajá tó ń sá wọgbó ń pàdé ajá tí a kò mọ̀ àti ẹran tí ń ṣàìsàn. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa láyé, ajá ló sì ń kó o ran nǹkan bí 99 nínú 100 wọn. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì ọ̀gbìn Abẹ́òkúta àti ní yunifásítì Ìbàdàn.

Bó bá ti lọ ná ńkọ́?

Dúró síbi tó ti fi ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ló máa ń gba ipasẹ̀ ara wọn padà, tí wọn a sì bá ibẹ̀ lófìfo nítorí pé olówó wọn ti sáré wọgbó lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, fi aṣọ tí o wọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú omi, kí o padà wá ní ìdájí. Òórùn ló mú un lọ; òórùn rẹ ni kó dá a dúró.

Bí ṣaworo bá dákẹ́ lójijì, ronú ihò àti okùn dídẹ ṣáájú ohun gbogbo. Wá ibi tí iyẹ̀pẹ̀ tuntun wà, sùn lé ilẹ̀, kí o fetí sí i. Bó bá wà nísàlẹ̀, fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́. Má fínná síhò. Èéfín tó ń lé òkété jáde lè pa ajá tó há.

Kí o wá ránṣẹ́ sí olúọdẹ àti àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Àwọn ló mọ ibi tí wọ́n dẹ okùn sí. Fi àwòrán ajá náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí o sọ àmì ara rẹ̀ kedere.

Òwe méjì

Àwọn àgbà tó sọ òwe fèrè ọdẹ ló tún sọ pé ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Ẹ gbé òwe méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí ajá bá pa ọ̀bọ, a gbà pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe é. Bó bá wá sọnù, ṣé ẹni náà kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ni? Ẹ tún rántí àlọ́ ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta, tó wà lórí igi láàárín àwọn ọ̀tá, tó pe àwọn ajá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n sì já ṣéènì wá gbà á là. A kò sọ fún wa nínú àlọ́ náà bó ṣe tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ajá rí mọ̀ pé wọn kò kọ́ ohùn yẹn lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, ọmọ ajá kan yóò wà lẹ́yìnkùlé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Odògbólú, àwo rẹ̀ yóò ṣófo, ẹnìkan yóò sì gbé fèrè sẹ́nu. Kí ó fọn ọ́n kí ó tó bu oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ajá ti ń sọnù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń padà wálé.